Àlùwàlá Lórí Koríko

Lójú bàbá mi, koríko tí ẹran kò gbọdọ̀ jẹ, tí ènìyàn kò sì lè tà, ìyà tí a fi owó rà ni. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Jos ni bàbá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gangare, wọn kì í sì í fi ohun tí kò lérè ṣeré. Ìyá mi ló gbin koríko síwájú ilé wa ní Naraguta, láti ẹnu géètì títí dé ẹsẹ̀ fàráńdà. Alhaja ni gbogbo wa ń pe ìyá mi, bàbá mi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Alhaja á gé koríko yìí, wọ́n á tu èpò inú rẹ̀, bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá sì yọjú, wọ́n á yọ sálúbàtà lé e dé títì. Bàbá mi á jókòó sí fàráńdà, wọ́n á ní nínú àwọn méjèèjì tó ń sáré yẹn, ewúrẹ́ ló gbọ́n.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òjò dá, àbúrò mi obìnrin bímọ ní Ìlọrin, Alhaja sì palẹ̀ mọ́ láti lọ bá a wẹ ọmọ. Lẹ́nu ìgbà náà, òtútù Jos ti ń da orúnkún wọn láàmú, àwọn ẹbí tó wà ní Ìlọrin sì ti ń rọ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá dé, kí wọ́n kúkú dúró sọ́dọ̀ àwọn. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n ní koríko àwọn nìkan ló lè mú àwọn padà wá fojú gbá ọyẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bí àwàdà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní, "To, fi í sílẹ̀ fún mi. Kí ló wà nínú bíbomi?" Èmi tí mo dúró sẹ́yìn wọn mọ̀ pé wọn kò tíì da omi sí nǹkankan rí láyé wọn, àfi gààrí.

Òjò dá lóòótọ́. Ọyẹ́ Jos kì í kanlẹ̀kùn, ènìyàn á kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ètè á ti là. Bàbá mi wo inú kànga tí omi rẹ̀ ń fà lọ sísàlẹ̀, wọ́n bi àwọn mairuwa tí ń fi ọmọlàńkẹ́ ti omi kẹ́ẹ̀gì kiri ní iye tí wọ́n ń tà á, wọ́n sì padà wọlé láìdágbére. Wọ́n wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé àfi ọmọ Ìlọrin ló lè rò ó. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé mọ́. Orí koríko ni kí oníkálùkù ti máa fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ kó tó kírun, kí omi má ṣòfò, kí láádá sì di méjì.

Wọn kò fi mọ sínú ilé. Wọ́n sọ fún àwọn àgbà tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò pé omi wà nílé wa. Bí àkókò ìrun bá ti súnmọ́, àwọn bàbá arúgbó á máa wọlé wá, kálukú pẹ̀lú búta rẹ̀, kẹ́tù oníke tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Bàbá mi á dúró ní fàráńdà, wọ́n á máa pín wọn kiri bí ẹni ń pín ilẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti ṣe é lápá géètì lánàá, ó di dandan kó bọ́ sí apá ògiri lónìí. Alfa kan tí orúnkún ń dùn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sítòsí àtẹ̀gùn. Bàbá mi ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n koríko ibẹ̀ ti yó.

Ó dùn ún wò, àmọ́ kò ran koríko lọ́wọ́. Omi búta kò ju kó rin ojú ilẹ̀ lọ. Kí alfa tó dé mọ́ṣáláṣí, ọyẹ́ á ti lá a gbẹ. Gbòǹgbò tí ì bá wálẹ̀ lọ wá omi jókòó sókè, ó ń retí ìrun tó kàn. Koríko pọ́n, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Bí Alhaja bá pè, bàbá mi á ní ó ń ṣe dáadáa, alihamudulilai.

Èmi ni amí àárín wọn. Mo ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Alhaja lórí wátsáàpù, koríko pẹ̀lú àwọn alfa lórí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ tuntun fi jí. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Ìdájí ni a ń bomi rin koríko lásìkò ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kí a jẹ́ kí ó mu dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí omi wọlẹ̀ tó ìka ọwọ́, kí a fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún ilẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí a fi sílẹ̀ títí òùngbẹ á tún fi gbẹ ẹ́. Bí òtútù bá ti ń le sí i, kí a dín in kù, torí koríko á ti máa sùn. Wọ́n ní kí n má sọ fún bàbá mi, kí wọ́n fẹnu ara wọn béèrè.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ bàbá mi lọ́rùn kí wọ́n ṣìnà. Nígbà tí n kò lè wò ó mọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní orí fóònù ni mo ti kà á, pé àwọn òyìnbó ló kọ ọ́. Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dá àwọn alfa padà sí ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n ra omi mairuwa kún táǹkì ilé, wọ́n sì na rọ́bà gígùn láti ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á wé ìborùn mọ́rí, wọ́n á máa fi ìgbálẹ̀ gún ilẹ̀ kiri. Koríko jí. Ó tutù ju ti ìgbà Alhaja lọ, mo sì fi ojú mi rí bàbá mi tí wọ́n ń fi sálúbàtà lé ewúrẹ́.

Wọ́n ní kí n ya fídíò rẹ̀, wọ́n dúró sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Mo fi ránṣẹ́, Alhaja sì pè wá kíá. Wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀ wàyí, níwọ̀n ìgbà tí koríko ti rí alágbàtọ́, kò sí ìdí kánjú, àwọn lè dúró sí Ìlọrin títí òjò á fi padà. Bàbá mi gbé fóònù fún mi, wọ́n wọlé, wọn kò jẹun.

Láti ìdájí ọjọ́ kejì, wọn kò fọwọ́ kan rọ́bà mọ́. Wọ́n ní apá ń dun àwọn. Àánú wọn ṣe mí gan-an, torí apá tó ń dùn yìí kò dí wọn lọ́wọ́ àtiká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́, wọ́n jókòó sí fàráńdà nírọ̀lẹ́, wọ́n pe Alhaja fúnra wọn. Wọn kò mọ bí a ṣe ń pa ohùn fóònù náà mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Alhaja, koríko rẹ ń kú o."

"Ẹ bomi sí i."

"Mo ti bomi títí."

Mo húkọ́. Alhaja ní bó bá fẹ́ kú kí wọ́n jẹ́ kó kú, àwọn á gbin òmíràn nígbà òjò.

Bàbá mi wo iwájú ilé, wọ́n wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Haba, Alhaja. Ta ló ń sọ ti koríko? Ilé yìí ò ṣeé gbé láìsí ìwọ. Máa bọ̀ wálé."



"Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti di ẹrù mi, Alhaji," ni Alhaja wí. "Ẹnu yín ni mo ń dúró kí n ti gbọ́ ọ. Ẹ lọ bomi sí koríko mi."