Òkú Tí Mo Wẹ̀ Ṣáájú Dókítà

Pírámárì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní gbogbo Benin, kò sí ẹni tó mọ òkú wẹ̀ bíi tèmi. Ẹ lọ bi wọ́n ní Iyaro. Bí mo bá wẹ èèyàn tán, ẹ ó rò pé oorun ọ̀sán ló ń sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, tí kùrukùru mú kí gbogbo nǹkan rí bí àlá, ọlọ́pàá gbé baálé ilé kan wá sí mọ́ṣúárì wa láti Oregbeni. Ó ti oko dé, ó jẹun, ó sùn, kò jí mọ́. Ìfófó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣé èmi ni n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo da omi sí i. Omi náà ń ṣàn lọ sí gọ́tà bí ẹni ń kọrin jẹ́jẹ́.

Dókítà wa, ọmọ Ondo, kì í tọ́jú aláìsàn. Òkú ló ń bi léèrè ohun tó pa á. Ó wo ọkùnrin náà, ó wò mí.

"Làsísì, ta ló wẹ ẹni yìí?"

Ó ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú tí ọlọ́pàá gbé wá ṣáájú òun, ilé yá.

Lóde, àbúrò olóògbé ń pariwo mọ́ opó: "Na you poison my broda! You go drink the water wey dem take baff am!" Bí wọ́n ṣe ń mú opó búra nìyẹn: kí ó mu omi tí wọ́n fi wẹ òkú, láti fi hàn pé òun kò fún ọkọ ní májèlé. Obìnrin náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá dúró tì í.

"Èmi ni, sà," ni mo wí. "Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kan wà láàárín ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo fọ̀ ọ́ dànù."

"Ẹ̀rí tó lè gba obìnrin yẹn sílẹ̀ lo fẹ́ẹ̀ fọ̀ dànù!"

Ó ya ìka ẹsẹ̀ náà, ó fi awò wò ó pẹ́. Ihò kékeré méjì. Ó fi abẹ là á, ẹ̀jẹ̀ ti dúdú lábẹ́ awọ.

"Ejò ni," ó ní.

Wọ́n yẹ ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ wò, kò sí májèlé. Ọlọ́pàá fi opó sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ojú mi yìí, ta ni ì bá ti rí ẹ̀jẹ̀ yẹn? Dókítà kò lé mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo fẹ́ràn omi, kí n máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oṣù kan.

Ọjọ́ tí opó wá gba òkú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bùọ̀dá Làsísì, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́ báyìí."

Mo bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo rọra ya àwọn ìka náà, mo sì ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.