Ààlè Méjì Lórí Òkìtì Igi Kan

Nígbà tí Ládòkun wà ní kékeré ní Ìwéré-Ilé, bí bàbá rẹ̀ bá gbin iṣu tán, ọmọ náà á yọ́ lọ hú ẹbu inú ebè, kí ó lè rí bí ó ṣe ń hù. Wọ́n nà án títí, kò gbọ́. Bí ẹgba ṣe ń dún lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń béèrè pé, “Kí ló dé tí iṣu fi mọ ibi tí òkè wà nínú òkùnkùn?” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kí-ló-dé nìyẹn. Orúkọ náà bá a dé yunifásítì, ó sì bá a dé Ṣakí, níbi tí èmi Àtinúkẹ́ ti mọ̀ ọ́n ní ọdún 1984. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sú mi. Bí èèyàn bá ní orí ń fọ́ òun, Kí-ló-dé á fẹ́ mọ apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì tó ń pín ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ni a ti jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún wa, ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ tí a ti wà níbẹ̀ ni ooru ti ń pa àwa èèyàn, kò sẹ́ni tó bìkítà; ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dé ni wọ́n rántí ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ojú gíláàsì méjì, tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé wà nídìí wọn, ni wọ́n so mọ́ ọn, èmi jókòó sí ìdí ọ̀kan, Fàtímọ̀ ọmọ Ìgànná jókòó sí ìdí èkejì. Àwa ni à ń tẹ orúkọ àgbẹ̀ àti ìlú rẹ̀ àti ohun tó ń gbìn sínú ẹ̀rọ. Ládòkun ni alábòójútó ẹ̀rọ náà.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Fàtímọ̀ á tẹ Ràsáàkì ará Ìgànná, alágbàdo. Bí a bá tún wò ó, Ràsáàkì á ti di ará Ijio, á sì máa gbin òwú. Tèmi kì í bàjẹ́, tirẹ̀ nìkan ni. Kí a tó mọ̀, àwọn ẹlẹ́nu ti ń sọ pé ẹ̀gúnjẹ ni Fàtímọ̀ ń gbà, kí ajílẹ̀ lè lọ sí Ijio, kí wọ́n tà á kọjá bọ́dà. Ọmọ tí kò lè jẹ ẹ̀pà ẹlẹ́pà! Inú bí mi dénú egungun.

Ọ̀gá wa, Olúwaṣọlá, ní òun yóò wádìí rẹ̀. Ó ní kí n jáde, kí n má bàa dí wọn lọ́wọ́, ó wá dúró ti Fàtímọ̀ láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Kò sí orúkọ kan tó bàjẹ́. “Ṣé o rí i?” ni ọ̀gá wí. “Bí mo bá ń ṣọ́ ọ, ò ń ṣe dáadáa. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wá gba ìwé ìdádúró rẹ.”

Mo sáré lọ sọ fún Ládòkun. Mo rò pé àánú yóò ṣe é, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán.

“Kí ló dé tí kò ṣẹlẹ̀?” ni ó bi mí.

“Búọ̀dá Ládòkun, ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ pàdánù iṣẹ́, ẹ̀ ń béèrè ìyẹn?”

“Ta ní ń tẹ àwọn ará Ijio?”

“Èmi ni.”

“Níbo lo wà nígbà tí ọ̀gá ń ṣọ́ ọ?”

“Ìta ni. Ọ̀gá ló ní kí n jáde.”

Ládòkun tẹ ètò tó jẹ́ olórí fún gbogbo ètò inú ẹ̀rọ náà jáde lórí ìwé gbọọrọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé, ó sì ń rá lórí rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ètò yìí, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ló ń wá àyè tó ṣófo nínú ìrántí ẹ̀rọ, tí yóò fi ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí, orúkọ sí àyè kan, ìlú àti ohun ọ̀gbìn sí òmíràn. Ládòkun rí i pé á kọ́kọ́ wo àyè, lẹ́yìn náà ni yóò sàmì sí i pé ó ti lẹ́ni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ojú gíláàsì Fàtímọ̀ ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa tètè dá lóhùn ju tèmi lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti rí àyè fún mi, tí kò tíì sàmì sí i, tí Fàtímọ̀ sì tẹ bọ́tìnnì, á fi mí sílẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ Fàtímọ̀ sí àyè kan náà, á padà wá gbé tèmi lé e lórí.

Ládòkun ní kí ẹ̀rọ máa wo àyè lẹ́ẹ̀mejì kó tó lò ó. Ìbàjẹ́ náà dín kù, kò tán. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe wọlé dé nìyẹn, ó wá fi ìbínú lọ sílé ní Ìwéré-Ilé.

Ìjà ló bá nílé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ lóko tàbí tó bá ti bá a nílẹ̀, tí kò lè rù ú tán, á fi ààlè lé e, ìbáà jẹ́ àkísà, ìbáà jẹ́ ṣùkù àgbàdo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ní ààlè. Òkìtì igi kan tí kò lẹ́ni tó ni ín wà lóko. Ààlè Àbíkẹ́, ìyá Ládòkun, wà lápá kan, ààlè Àwáwù aládùúgbò wọn wà lápá kejì. Kò sẹ́ni tó jẹ́ yọ ti ẹnìkejì, ikán sì ń jẹ igi náà lọ.

“Mo wò ó yí ká, kò sí ààlè kankan!” ni ìyá rẹ̀ ń wí.

“Èmi náà wò ó yí ká!” ni Àwáwù dáhùn.

Ládòkun ní, “Ìyá mi, níbo lẹ ti rí àkísà tí ẹ so mọ́ ọn?”

“Mo padà lọ mú un ní abà ni.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìyá?” ni ó bi Àwáwù.

“Abà ni mo lọ.”

Ládòkun bú sẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọ́n wò ó dáadáa. Ìrìn abà ló dá ìjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá wò ó nígbà mẹ́wàá kí wọ́n tó lọ sí abà, ìjà náà ni.

“Ẹjọ́ wà nílẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín!” ni ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. “Ṣé ebè lo tún fẹ́ hú ni?”

Kò dúró parí ìjà o! Ṣakí ló padà sí. Ó kọ ọ́ sínú ètò náà pé bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àyè, kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi sàmì sí i. Ẹni tó bá pè é láàárín náà, kó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá tún ní kí n jáde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó jókòó,” ni Ládòkun wí. “Bí ẹ bá lé Àtinúkẹ́ jáde, ẹ ò ní rí nǹkan kan.”

Ètò àtijọ́ ni ó kọ́kọ́ fi sí i. Èmi àti Fàtímọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kò sì pẹ́ tí Ràsáàkì fi tún di ará Ijio lójú ọ̀gá. Ó wá fi tuntun sí i. A tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro wá, Ràsáàkì kò kúrò ní Ìgànná.

Fàtímọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó bú sẹ́kún. “Búọ̀dá, mo ti gbà pé èmi ni. Mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Kí-ló-dé kò lè ṣe kó má béèrè. “Kí ló dé tí o fi gbà?”

“Ṣebí ọ̀gá ṣọ́ mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì sí èyí tó bàjẹ́,” ni Fàtímọ̀ wí.

Ọ̀gá Olúwaṣọlá ti mú ìwé ìdádúró náà dání láti àárọ̀. Ó fà á ya, ó sì ń wo ilẹ̀.