Àpótí Oníyàrá Mẹ́rin

Òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ lọ́sibítù, tó dà pọ̀ mọ́ ti dòdò tó wà lórí iná, òun ni mo fi ń rántí apátímẹ́ǹtì àǹtí mi ní Farmers Branch, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Àbúrò màmá mi ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dé sí nígbà tí mo ti Ìbàdàn wá, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí tábìlì ìjẹun rẹ̀ ni mo ti múra sílẹ̀ fún ìdánwò bàọ́lọ́jì, èyí tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní í jáde haisikúùlù.

Ká má parọ́, mo mọ̀ ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì o, bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ o, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká o, bí o bá jí mi lójú oorun, màá kà á fún ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń yangàn gan-an ni bí ìwà ara òbí ṣe ń dé ara ọmọ. Òdòdó pupa àti funfun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń kọ́ ọ. Èmi tí mo ti ilé wá, níbi tí wọ́n ti ń béèrè jínótáìpù kí wọ́n tó béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ni mo fẹ́ fi òdòdó ṣe? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Màá ya àpótí oníyàrá mẹ́rin, màá kọ lẹ́tà méjì ti ìyá sókè, méjì ti bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá sì mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wọn sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí AS bá fẹ́ AS, yàrá kan á jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tí yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

AS ni àǹtí mi. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti fi ìwé láàbù kan láti Ìbàdàn hàn án pé AA ni òun, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìpàgọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Floyd ni wọ́n ti pàdé, nígbà tí bátìrì ọkọ̀ àǹtí mi kú, tí ọkùnrin náà sì fi wáyà bá a jí i. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sunday, ó máa ń bi mí ní ìbéèrè, ẹyọ dòdò kan fún ìdáhùn kan tí mo bá gbà. Mo sanra lọ́dún yẹn.

Lọ́sàn-án Sunday kan, nígbà tó ku oṣù méjì kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé yín ṣe é. Kí ni jínótáìpù mọ́mì yín?"

"SS ni wọ́n. Nílé wa, a kì í sọ ọ́ síta. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n kú."

"Dádì ńkọ́?"

"AA. Èmi náà AA, thank God."

Mo kọ S méjì sókè, A méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ AS. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo sọ bàbá di AS, bóyá àwọn náà ò mọ tiwọn. AS méjì, SS méjì. Kò sí AA níbì kankan, nítorí ìyá tí kò ní ju S lọ, S náà ni yóò fún ọmọ rẹ̀. Àǹtí mi ń kọrin ní kíṣìnì, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, màá jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo tún mọ̀ pé bí ọmọ kan bá ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ iwájú tó ń ké eegun mi o, èmi ni mo mọ̀ tí mi ò sọ.

Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi àti ìwọ nìyẹn. Mo ya àpótí tuntun, mo fi ọwọ́ méjèèjì na pẹ́ńsù sí i. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kún un. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í." Irọ́ ni mo pa. Kò tíì sí ohun tó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó kún yàrá kìíní, ó kún ìkejì. Ní ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ìwé náà pẹ́.

"Ìwọ kọ́ lo ṣì í," ó sọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe àǹtí mi. "Baby, please come."

Àǹtí mi wá tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Ìwò ẹ̀ẹ̀kan ni nọ́ọ̀sì wò ó, ó jókòó. "You never told me about Mummy."

"Ìwé lo béèrè," ni ó dá a lóhùn, "mo sì fún ẹ ní ìwé."

Kò sí ẹni tó rántí dòdò títí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín fi figbe ta.

Bọ̀ọ̀dá tún àyẹ̀wò ṣe ní Dallas níbí, AS ló jáde. Láàbù ti ọjọ́sí ló ṣì í. Wọ́n sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fi ara wọn sílẹ̀ láìjà. Àǹtí mi kò bá mi wí, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, kò lè jókòó sí tábìlì yẹn bí mo bá ń kàwé, ó sì dùn mí. Mo yege ìdánwò náà dáadáa. Bọ̀ọ̀dá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Congrats, Professor." Mo kà á, mo sì sunkún.

Àǹtí mi ti lọ́kọ báyìí, ẹni tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ibi méjì, ọmọbìnrin wọn sì ń sáré lórí àtẹ̀gùn títí a ó fi lọgun mọ́ ọn. Bí mo bá ń wò ó, mo máa ń rántí pẹ́ńsù yẹn. Ìdánwò tí mo ti ṣe láyé mi pọ̀, mo sì gbàdúrà kí n yege nínú gbogbo wọn. Èyí tí mo ṣe lórí tábìlì àǹtí mi lọ́sàn-án yẹn nìkan ni mo gbàdúrà pé kí n fìdí rẹmi.