Wọ́n Wá Tú Sólà Ọ̀fàdà

Ìbíwùnmí ló ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì fún àwọn àgbẹ̀ Ọ̀fàdà. Epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ èrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìjọba àná tó wá to sólà sórí òrùlé ilé ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà náà, èéfín kò ta á lójú mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ èrè.

Lẹ́yìn ìbò, ìjọba mìíràn gorí àlééfà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kan fi kó àwọn òṣìṣẹ́ dé. Àbáyọ̀mí, ọ̀gá wọn, kò tiẹ̀ kí i dáadáa tó fi fi àkàbà gun òrùlé, tó ń tú sólà.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ tú u?”

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìjọba tuntun ò fẹ́ iṣẹ́ ìjọba àná. Wọ́n máa ṣe tiwọn.”

“Nígbà wo?”

Àbáyọ̀mí tún tú nọ́ọ̀tì mìíràn. Ìbíwùnmí di àkàbà mú. “Àbí oòrùn náà ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni?” Ó fa àkàbà yọ, ó wọ́ ọ jù sórí òkìtì èèpo ìrẹsì, ó sì jókòó lé e.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Páànù yìí ń jó mi lẹ́sẹ̀!”

“Ìjọba tó rán ọ gòkè ni kó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Àwọn yòókù bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde lórí àkàbà. Wọ́n wá fẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ti ògiri, wọ́n sì gba ọ̀gá wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà wá pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n kó gbogbo sólà náà lọ.

Nígbà tí kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ ìjọba tuntun náà kí Ìbíwùnmí lọ́jà, itọ́ ni obìnrin náà tu sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.