Oòrùn Ló Jẹ Ẹ́, Ìyá Ọkọ Mi Ni Wọ́n Pè Lólè

Inú ṣì ń bí mi. Ìyá ọkọ mi ti kú tipẹ́, ọkùnrin tó pè é lólè náà á ti kú báyìí, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, nínú ọ̀kan lára àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìwó. Èkùrọ́ ni ìyá ọkọ mi ń pa tà. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á jókòó ti òkúta rẹ̀, á máa pa èkùrọ́, èmi náà á jókòó tì í. Kì í ta èkùrọ́ tútù. Á sá a sóòrùn, á mú ẹyọ kan sẹ́nu, á gé e. Bí kò bá dún kàkà léyín, á dà á padà sóòrùn.

Ọkùnrin kan wá ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jà, ó ń kó o fún àwọn òyìnbó. Igbá ló fi ń rà á lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn làwọn òyìnbó fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Pọ́n-ùn ti ìwúwo, kì í ṣe ti owó. Àsìkò òjò ló kọ́kọ́ dé. Ó bu igbá kan nínú ọjà obìnrin kan tó ti Olúpọ̀nnà wá, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n onírin rẹ̀, ó sì ní:

"Igbá kan, pọ́n-ùn mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni n ó máa ṣírò rẹ̀."

Òjò ti pa èkùrọ́ yẹn lọ́nà, omi ṣì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, a ta igbá mẹ́fà fún un. Èmi gan-an ni mo wọ̀n ọ́n, mo kó orí lé e, mo sì fi ènì sí i. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó dé bí ẹni tí ejò bù jẹ, ó dúró lé wa lórí.

"Ìyá yìí, ọgọ́ta pọ́n-ùn ló yẹ kí n bá nínú àpò rẹ. Méjìléláàádọ́ta ni mo bá. Níbo lo kó ìyókù sí?"

"Ọmọ mi, igbá mẹ́fà la wọ̀n fún ọ. Ojú rẹ ló ṣe."

"Irọ́ lò ń pa! Olè ni ọ́!"

Gbogbo ọjà yíjú sí wa. Ilé àfáà ni ilé wa. Bàbá ọkọ mi ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kàkà kí wọ́n ní o ń dín òṣùwọ̀n kù, ó sàn kí wọ́n nà ọ́ lẹ́gba. Ọkùnrin tí àbíkẹ́yìn Ìyá jù lọ lọ́jọ́ orí sì ń fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀! Ìyá palẹ̀ ọjà mọ́, ó kọjú sílé. Lọ́nà, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ìyàwó mi, ṣé o wọ̀n ọ́n dáadáa?" Mo ní, "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, Ìyá."

Ọrùn mi ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Mo ru igbá èkùrọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ síbi tí a ti ń sá a, mo sì ru igbá gbígbẹ bọ̀. Igbá kan náà ni, ó kún bákan náà, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ fúyẹ́. Mo bu igbá kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, mo gbé wọn lọ sí ìsọ̀ ọkùnrin náà lọ́nà Kuta. Mi ò kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ wọn méjèèjì."

Ó wọ̀n wọ́n. Tútù lé ní pọ́n-ùn mẹ́wàá, gbígbẹ ò tó mẹ́sàn-án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti yé mi. Ẹ má wulẹ̀ sá a gbẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí ìyá mi ńkọ́?"

"Èwo nínú ọ̀rọ̀?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da èkùrọ́ náà sí i lójú. Láti ọjọ́ náà, àwọn kan ń wọ́n omi sí tiwọn kó lè wúwo, ó sì ń kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá ò tà fún un mọ́. Ó ń fi èkùrọ́ tirẹ̀ yọ àdín, ó ń tà á fún àwọn tó ń se ọṣẹ.

Nígbà tí èkùrọ́ wọ́n, ọkùnrin náà wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé. Ẹ máa ta tiyín fún mi."

Ìyá ní, "Dìde. Ojú ọjà lo ti pè mí lólè. Lọ síbẹ̀, kí o sọ fún wọn pé mi ò jalè."

Ó ní, "Ìyá, ìyẹn á le díẹ̀." Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ. Kò lọ sọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi kó kúrò nílùú.

Ẹnu ọjà ò gbàgbé. Nígbà ìkómọ àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí kì í ṣe ará ilé wa. Mo rí i tí obìnrin náà fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Mo gbé ọmọ fún ọkọ mi, mo dìde.

"Ẹ gbé àpò yín, kí ẹ máa lọ."

Ìyá di ìró mi mú. "Jókòó, ìyàwó mi. Ọjọ́ ayọ̀ nìyí."

Mi ò jókòó títí obìnrin náà fi jáde.