Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Ọkọ Mi Bóyá Ó Mọ̀

Mo rántí ìgbà tí rédíò ń bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tí a máa ń wọ̀ láti Òkè Fíà ní Òṣogbo lọ síbi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, awakọ̀ a máa yí rédíò rẹ̀ sókè láràárọ̀, bí wọ́n bá sì ti ka ìròyìn tán, wọn a ní kí àwọn ará ìlú máa pè wọlé. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀: ọlọ́pàá tó bá ṣèèṣì yìnbọn pa aláìṣẹ̀, ṣé kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ bíi ti gbogbo apànìyàn ni, àbí kí wọ́n kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n ní kó máa lọ sílé? Kò sí ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ sí i nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Èmi a fa ìborùn mi wá sí ìpéǹpéjú, n ó máa wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà. Ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ mi ni.

Kó tó di ìgbà yẹn, kò sí èrò bọ́ọ̀sì náà tí kò mọ̀ pé ìyàwó ọlọ́pàá ni mí. Èmi fúnra mi ni mo ń sọ fún wọn. Bí kọ́ńdọ́ bá na ọwọ́, èmi a ní, "Sítáàfù," n ó sì gbójú sókè bí ẹni pé èmi ni mo ni ọ̀nà. Obìnrin tó ń gba owó oṣù ìjọba ni mo jẹ́ o, ṣùgbọ́n adùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ju ti owó ọkọ̀ tí n kò san lọ. Mo rò pé aṣọ dúdú tí ọkọ mi ń wọ̀ fẹ̀ tó láti bo èmi náà. Ọmọdé ń ṣe mí.

Ọmọ Òṣogbo ni ọkọ mi, ọmọ ìgboro pọ́ńbélé, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi obì àti igi òro. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí èmi sí. Kòkó àti obì ni ìyá mi fi tọ́ wa ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Nígbà tí àwọn ajínigbé da ọ̀nà Ẹ̀sà-Òkè rú, wọ́n pín ọkọ mi mọ́ àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà náà. Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń bá a di ẹrù, mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewé iṣu lásán ni yóò lé e wálé. Láàárín ẹ̀fẹ̀ yẹn ni mo sọ ohun kan fún un nípa àṣà wa.

Ní abúlé wa, ẹni tó bá wà nínú oko kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. Bí ènìyàn bá gbọ́ ohùn tí kò sì rí ẹni tó ni ín, yóò dúró jẹ́ẹ́ síbi tó wà, kò ní mira, títí ẹni tó ń pè yóò fi dárúkọ ara rẹ̀ àti ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwọn àgbà ní iwin a máa yá ohùn ènìyàn lò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi kọ́ wa, kódà àwa tí a lọ sí ilé ìwé gíga, bí a bá dé oko, a kì í dáhùn. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, tí ẹ bá máa pe ẹnikẹ́ni nínú oko, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ara yín o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kí òun tún júwe ilé bàbá òun fún ajínigbé ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fa síìpù báàgì rẹ̀.

Àárọ̀ kan nínú ọyẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ìkùukùu bo gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ajínigbé ti yìnbọn pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lójú ọ̀nà náà kò tíì pẹ́, kò sì sí èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń ró nínú oko kòkó. Ó kígbe pé ta nìyẹn, kó jáde síta. Ewé kò ró mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn. Ó tún kígbe. Ó rí òjìji ènìyàn tó dúró gangan láàárín igi, tí nǹkan gígùn wà léjìká rẹ̀. Ó yìn ín níbọn. Àgbẹ̀ ni, baálé ilé kan tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá tí a fi ń já kòkó ló gbé léjìká. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù ní Iléṣà tó fi dákẹ́.

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n ní kó lọ dúró sílé títí ìwádìí yóò fi parí. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ lórí rédíò pé wọ́n pe ọkùnrin náà, ó kọ̀ láti dáhùn. Gbólóhùn yẹn ló da epo síná. Bí àwọn kan bá ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n, àwọn mìíràn a ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ nínú bọ́ọ̀sì wa pé bí ìjọba bá ń sọ ọlọ́pàá sẹ́wọ̀n nítorí àṣìṣe, lọ́jọ́ tí ajínigbé bá wọ̀lú, gbogbo wọn ni yóò ká ọwọ́ lẹ́yìn. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé dá a lóhùn pé awakọ̀ tó bá ṣèèṣì pa ọmọ ọlọ́mọ, ṣé wọn kì í tì í mọ́lé ni? Kí ló wá dé tí ti ẹni tí ìjọba kọ́ ní ìbọn yíyìn ṣe yàtọ̀? Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, àǹtí, kí ni tiyín?" Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Mo sọ̀ kálẹ̀ kí n tó dé ibi iṣẹ́, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nínú oòrùn.

Ẹ̀rù bà mí nígbà náà débi pé mo ń gbọ́ ohun tí kò ró. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, n ó sáré lọ yọjú lójú fèrèsé. Mo ká aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi kúrò lórí okùn, mo kì í bọ abẹ́ ibùsùn. Mo bẹ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá bi wọ́n ní iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe, kí wọ́n ní oníṣòwò ni. Ìyá mi pè láti abúlé, ó ní òun àti ìyá olóògbé jọ ń ta obì ni, òun kò mọ ẹnu tí òun yóò fi kí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí ní ìta. Mo mọ ohun tí mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù rẹ̀. Òun náà mọ̀. A ń jẹun, à ń sùn, à ń jí, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba ní Iléṣà, adájọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága. Lọ́yà ọkọ mi wá sílé wa lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n bá rí i pé àìmọ̀ ni, iṣẹ́ nìkan ni yóò bọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i pé ó mọ ìdí tí ènìyàn fi lè dákẹ́ nínú oko, tó sì yìnbọn bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kàn, ẹ̀wọ̀n ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí ọkọ mi sáà sọ pé ọmọ Òṣogbo ni òun, òun kò mọ nǹkan kan nípa àṣà Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Bí lọ́yà ṣe ń bọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó, ẹ gbọ́ ohun tí a sọ?" Mo kó ife tó fi mu omi, mo wọ ilé ìdáná lọ.

Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó. Èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn, mo sì ń fojú wá ọ̀nà tí mo lè gbà sá bí wọ́n bá dá mi mọ̀. Ìyàwó olóògbé ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kò sunkún. Ó ní òun ń fọ́ kòkó ní òdìkejì odò láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Mo gbọ́ tó ń pè. Mo mọ̀ pé ọkọ mi náà gbọ́. À ń dúró kó dárúkọ ara rẹ̀ ni. Èmi náà ò dáhùn, mà. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tèmi ló kọjú sí, èmi ni ẹ̀ bá sin." Bàbá àgbẹ̀ kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sọ fún alága pé òótọ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, a kì í jẹ́ ìpè kan nínú ugbó." Bí àwọn àgbà wa ṣe ń pe igbó nìyẹn, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ọ.

Alága yíjú sí ọkọ mi. Ó béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ṣé ó mọ̀ nípa àṣà yìí kó tó lọ síbẹ̀. Lọ́yà ti ń dìde. Ọkọ mi wẹ̀yìn, ó ń wá ojú mi láàárín èrò, ó sì rí mi. Mo di etí aṣọ ìyá mi mú bí ọmọ ọwọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run, n kò sì mọ èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú méjèèjì.

Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Ìyàwó mi sọ fún mi, mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo yìnbọn tán ni mo tó rántí."

Bí ariwo ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn tó mọ ìyá mi ti ń nàka sí ọ̀dọ̀ wa. Opó náà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá bó ṣe ń jáde, ó dúró, ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ lo sọ fún un?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "O ṣeun tó o sọ fún un," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí èébú tí mo gbọ́ ní gbogbo àkókò yẹn tó wọ̀ mí lára tó ọpẹ́ náà.

Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ló wà di bí mo ṣe ń sọ yìí. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń pè é ní òmùgọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí, òfin tí ìjọba ní òun yóò ṣe lórí rẹ̀ kò tíì jáde. Mo ti gbọ́ ti tíṣà, mo ti gbọ́ ti obìnrin aláṣọ ọmọdé, ẹjọ́ àwọn méjèèjì sì dá mi lójú lọ́jọ́ tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò ju ti inú ilé mi lọ. Mo bẹ̀rù nígbà náà pé wọn yóò mú ọkọ mi lọ, wọ́n sì mú un lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ó wo ojú mi nínú gbọ̀ngàn yẹn, tó ní òun kò mọ̀, à bá jọ wọkọ̀ padà sí Òṣogbo, ǹ bá máa se oúnjẹ fún un, ǹ bá máa dùbúlẹ̀ tì í, ojú mi kò sì ní lè padé. Èmi nìkan ni mò ń sùn báyìí, mo sì ń sùn.