Bí Mo Ṣe Bọ́ Sùtánà Lọ́rùn Màmá Mi

Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìlarò, nítòsí poli, ni pé mo máa ń to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ pọ̀ sójú ìwé: kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, báàjì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé fọ́tò wọlé, àpótí kékeré kan á yọjú sójú kọ̀ǹpútà. Á ní: ṣé kí n gbé e wọlé bó ṣe rí? Ṣé kí n gé etí rẹ̀? Ṣé kí n yọ gbogbo ohun funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dànù? Àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lọ́nà Owódé kì í wádìí tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì fún obìnrin kan tó ń ta òróró àgbọn. Mo fẹ́ kí ìgò òróró náà dá dúró, kí ògiri funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, mo bá ní kó yọ ohun funfun. Nígbà tó tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, inú bí mi. Mo fi àmì sí i pé bó ṣe ṣe èyí ni kó máa ṣe gbogbo ẹ̀, kó má sì bi mí mọ́. Ó gbọ́. Ariwo tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ Màmá mi ní Òkè-Ọ̀dàn gbé kàlẹ́ńdà ìkórè wọn fún mi. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Àgbà ìjọ mẹ́tàlá ló fẹ́ wà lórí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí Màmá mi máa wà lára wọn. Gbogbo wọn wọ sùtánà funfun báláú, wọ́n dúró níwájú ògiri funfun, wọ́n ní ojú sánmà tó ní ìkùukùu ni kí n fi sẹ́yìn wọn. Mo kó fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá wọlé pa pọ̀. Iná ti ń ṣẹ́jú, mi ò dúró wò ó. Mo fi ránṣẹ́ sórí wáásáàpù ìjọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mo bá lọ jẹun.

Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ó yọ ògiri, ó yọ sùtánà, ó yọ fìlà. Ohun tó kù ni orí mẹ́tàlá àti ọwọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ìkùukùu, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá alága ìkórè ló pè mí lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀.

"Ọmọ Màmá, ta ló ní kó o ṣe é báyìí?"

Kí n tó sọ pé kọ̀ǹpútà ni, ó ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ̀mí ni, àbí? Ìyá aríran wa ti sọ ọ́. Wọ́n ní ẹran ara ti ń bọ́ lára wa, ọ̀run ló kù. A ti wọ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run lo ọwọ́ ẹ!"

Mi ò parọ́ o. "Àmín, sà" ni mo ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó sọ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀ rí. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé orí ìyàwó ti kéré jù. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Òkè-Ọ̀dàn lọ kí Màmá mi lè fi mí yangàn. Màmá ò yangàn. Ọ̀rọ̀ aríran yẹn ti jẹ́ kó gbà pé òun ń kú lọ, pé òun ò ní rí ìkórè. Ó mú mi wọ yàrá, ó ń ka ẹni tó máa ni ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó máa ni ìkòkò irin ńlá. "Àbúrò ẹ ni kó mú bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ ti ní tìẹ." Ó wá gbé sùtánà kan jáde. "Èyí ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún mi." Ó ní kí n di etí kan mú ká jọ ká a. Mo dì í mú. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́, àmọ́ gbogbo ìjọ ló ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sẹ́yìn ilé, kí n wo ibi tí òun fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sàréè òun sí. Ó mú igi, ó ń fi wọn ilẹ̀. Ebi ti jẹ́ kẹ́sẹ̀ rẹ̀ máa gbọ̀n. Mo gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ òróró àgbọn ni."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi sórí àga, mo yọ àmì yẹn kúrò, mo tún gbé fọ́tò rẹ̀ wọlé. Sùtánà padà sí i lọ́rùn, fìlà padà sórí. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé o lè mú tàwọn tó kù padà?"

"Mo lè mú u padà, Mà."

"Jẹ́ kí ti alága ṣì wà bẹ́ẹ̀ ná."

Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà jáde. Ó ń ṣí ewé ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tó dúró.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀, Mà."

"Ọjọ́bọ̀." Ó gbé ẹ̀kọ kalẹ̀. "A jọ ká aṣọ òkú mi. O bá mi di etí ẹ̀ mú."

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò wò mí. Ó jẹ ẹ̀kọ náà tán, ó jẹ àkàrà, ó mu omi. Láti kékeré mi, Màmá ò jẹun lójú mi rí kó má pè mí sí i. Lọ́jọ́ yẹn, kò pè mí.